Bírò Kí Ó Ṣáájú Owó: Bí a Ṣe Ń Ṣètò Lúùpù Omi fún Kọ̀ǹpútà Láì Ná Ìnákúnàá

Lúùpù ni ọ̀nà omi tó ń yípo nínú kọ̀ǹpútà láti kó ooru rẹ̀ jáde. Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, búlọ́ọ̀kù bàbà kọ́ ló jẹ mí lówó, pọ́ǹpù náà kọ́. Họ́ọ̀sì ni. Mo ra họ́ọ̀sì 10/16, mo ra fitting 10/13, ìyẹn irin tó ń de họ́ọ̀sì mọ́ ojú ihò. Mo to gbogbo ẹrù sórí tábìlì ní alẹ́ Sátidé kan, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi bí òrùka tó yẹ kó dè mọ́ họ́ọ̀sì ṣe kọ̀ tí kò gba orí rẹ̀ wọlé. Nọ́ńbà méjèèjì fi 10 bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Fitting méjìlá wọ kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì tún lọ ra méjìlá mìíràn. Owó tí mo fi kọ́gbọ́n yẹn tó ra rédíátọ̀ kan.

Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí ìwé àti bírò ju orí irinṣẹ́ lọ. Dídè é pọ̀ kò ṣòro, ọjọ́ kan tó o. Rírà nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì ló ń sọ lúùpù di ohun olówó gọbọi. Ẹni tó ti ya ọ̀nà omi rẹ̀ sórí ìwé, tó ti ka ojú ihò kọ̀ọ̀kan, tó sì ti wọn àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò ní ná iye tí ẹni tó kọ́kọ́ sáré rajà máa ná. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Ṣé ẹ tiẹ̀ nílò rẹ̀?

Omi kì í pa ooru. Ó kàn ń rù ú ni. Ó gbà á lára búlọ́ọ̀kù, irin tó jókòó lé CPU (ṣípù tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ó gbé e lọ sínú rédíátọ̀, níbẹ̀ ni fáànù ti máa fẹ́ ẹ dà sínú yàrá. Omi mọ ẹrù yìí rù púpọ̀: tí a bá kó omi àti afẹ́fẹ́ tó gba àyè kan náà, omi lè ru ooru tó ìlọ́po 3,500 ti afẹ́fẹ́ kó tó gbóná ní ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yàrá náà ni gbogbo rẹ̀ máa padà já sí lọ́wọ́. Nítorí náà, omi inú lúùpù kò lè tutù ju yàrá tó wà lọ láé. Bí yàrá bá wà ní 30 °C tí ẹnì kan wá ní omi òun wà ní 25 °C, ẹ sọ fún un kó yẹ ohun tó fi ń wọn ooru wò.

Bí CPU nìkan ló ń dà yín láàmú, mi ò ní tàn yín: ẹ má ṣe lúùpù. Irin ìtutù ńlá oní-fáànù méjì máa kápá ọ̀pọ̀ CPU. Èyí tí kò bá kápá rẹ̀, ẹ ra AIO, ìyẹn èyí tí ilé iṣẹ́ ti dì pa pẹ̀lú omi nínú. Owó rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti lúùpù. Ooru CPU òde òní máa ń pọ̀ sójú kan ṣoṣo, lábẹ́ ìdérí irin, débi pé lúùpù tó dára jù kì í mú kó tutù ju ìwọ̀n díẹ̀ sí i lọ.

Ti GPU, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, yàtọ̀. Ojú ṣípù rẹ̀ fẹ̀, kò ní ìdérí, búlọ́ọ̀kù máa ń jókòó lé e ní tààrà, àwọn fáànù kéékèèké ara rẹ̀ ló sì máa ń pariwo jù nínú kọ̀ǹpútà. Bí GPU yín bá ń fa 250 W sókè, tí ẹ sì fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ibẹ̀ ni owó lúùpù ti ń rí ojúṣe rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka wáàtì

Ẹ kọ iye iná tí CPU lè fà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára sílẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà kékeré iwájú páálí o, èyí tí ilé iṣẹ́ pè ní òkè pátápátá ni kí ẹ lò. Ẹ kọ ti GPU sábẹ́ rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, CPU Core i5-13600K lè fa 181 W, GPU RTX 3080 ń fa 320 W. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 501 W. Ẹ pè é ní 500.

Àfojúdá tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ni pé ojú fáànù 120 mm kan lórí rédíátọ̀ máa ń tu bíi 100 W dànù láì pariwo, tí omi á sì fi bí ìwọ̀n 10 gbóná ju yàrá lọ. 500 W wá túmọ̀ sí ojú fáànù márùn-ún: rédíátọ̀ 360 kan (ojú fáànù 120 mẹ́ta) àti 240 kan (méjì). Àfojúdá ni o, kì í ṣe òfin. Bí ẹ bá lè fara da kí fáànù kígbe díẹ̀, tàbí kí omi fi 15 ju yàrá lọ, ojú fáànù mẹ́rin máa ṣe é. Bí àpótí yín bá gba fáànù 140 mm, ẹ ṣírò tirẹ̀ lọ́tọ̀: ojú rẹ̀ fi ìdá mẹ́ta ó lé díẹ̀ tóbi ju ti 120 lọ, rédíátọ̀ 280, tó gba fáànù 140 méjì, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 360 dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí kò ná kọ́bọ̀ kún un. Kí ẹ tó ra rédíátọ̀ kejì, ẹ lọ sínú ètò GPU yín, kí ẹ fi òpin sí iná tó lè fà. Ẹ mú 320 W wá sí 250 W, kí ẹ sì ta géèmù tí ẹ máa ń ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé nǹkan kan ti dín, nítorí wáàtì tó gbẹ̀yìn wọ̀nyẹn ni GPU máa ń fi ṣòfò jù. 70 W tí ẹ yọ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú fáànù kan tí ẹ ò ní rà mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn àpótí, kì í ṣe pẹ̀lú ojú lásán

Wọ́n á kọ ọ́ sára àpótí pé ó gba rédíátọ̀ 360 lókè. Òótọ́ lè ni, irọ́ náà sì lè ni, torí wọn kì í sọ bí rédíátọ̀ ọ̀hún ṣe nípọn tó. Rédíátọ̀ tín-ínrín máa ń nípọn tó 27 sí 30 mm. Fáànù jẹ́ 25 mm. Ẹ pa á pọ̀, ó di 55. Àyè 55 mm yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín òrùlé àpótí àti ohun tó ga jù lórí motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), ì báà jẹ́ RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) tàbí àwọn irin ìtutù ẹ̀gbẹ́ CPU. Síwájú sí i, rédíátọ̀ 360 kì í ṣe 360 mm gígùn. Ó ní àpò omi lórí àti nídìí, ó sì máa ń gùn tó 390 sí 400 mm.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa ń wá páálí, èyí tí wọ́n fi kó nǹkan ránṣẹ́ sí mi ló sábà máa ń jẹ́. Màá gé e ní 400 mm sí 120 mm, màá lẹ ewé rẹ̀ léra wọn títí tó fi nípọn tó 55 mm, màá wá fi téèpù gbé e kọ́ sí òrùlé àpótí bí ẹni pé rédíátọ̀ gidi ni. Lẹ́yìn náà, màá ki ọwọ́ bọ igun òkè lápá òsì motherboard, níbi tí okùn iná CPU ti ń wọlé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ́yìn yọ. Lórí ìwé, àyè wà. Nínú àpótí, orí okùn náà ti fẹnu ko páálí, kò sì sí bí ìka ṣe máa débẹ̀. Tí mo bá ti rí i báyẹn, màá mọ̀ pé okùn yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé kí rédíátọ̀ tó gòkè, tàbí kí n gbé 360 lọ síwájú, kí n fi 240 sókè.

Níwájú, GPU lẹ ó máa bá du àyè. Ẹ má fi gígùn káàdì bó ṣe wà lónìí ṣírò. Ọ̀pọ̀ káàdì gùn nítorí irin ìtutù tí wọ́n dì mọ́ ọn ni. Tí ẹ bá tú u, tí ẹ fi búlọ́ọ̀kù omi sí i, ó lè kúrú gan-an, nítorí pátákó abẹ́ rẹ̀ kúrú. Ẹ wo àwòrán pátákó yẹn kí ẹ tó sọ pé kò sí àyè.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya ọ̀nà omi, kí ẹ ka ojú ihò

Ẹ ya àpótí náà láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi àpótí kéékèèké dúró fún CPU, GPU, rédíátọ̀ méjèèjì, àti táǹkì pẹ̀lú pọ́ǹpù. Ẹ wá fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì títí tó fi yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Èwo ni kó ṣáájú? Àwọn ènìyàn máa ń jà lórí èyí bí ẹni ń du oyè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí omi bá ń ṣàn ní líta mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan, 500 W máa fi ohun tí kò tó ìwọ̀n méjì gbé e sókè ní gbogbo àyíká rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín ibi tó gbóná jù àti ibi tó tutù jù kò tó °C méjì. Torí náà, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà tí họ́ọ̀sì máa kúrú jù, tí kò ní ká kọ́rọ́ńkọ́rọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ò gbọdọ̀ yí padà ni pé inú táǹkì ni omi ti gbọ́dọ̀ já sẹ́nu pọ́ǹpù tààrà, kí táǹkì sì má wà nísàlẹ̀ pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù kò lè fa omi sókè láti inú afẹ́fẹ́, tó bá sì gbẹ, ó lè bàjẹ́ láàárín àkókò díẹ̀.

Báyìí, ẹ ka ojú ihò. Gbogbo ohun tí omi ń gbà kọjá ní ojú méjì, àbáwọlé àti àbájáde. Ohun márùn-ún, ojú mẹ́wàá, fitting mẹ́wàá. Ẹ fi ọ̀kan kún un ní àfikún, nítorí ọ̀kan máa ń yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ibi tí omi máa gbà jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé títí di ọdún kejì. Ẹ wo ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú àwòrán yín. Ṣé pọ́ǹpù tàbí rédíátọ̀ tó wà níbẹ̀ ní ojú ihò kẹta tí ẹnikẹ́ni kò lò? Bó bá ní, ẹ dè kọ́ọ̀kì kékeré mọ́ ọn, ó parí. Bí kò bá ní, ẹ máa nílò oríta ẹlẹ́nu mẹ́ta, kọ́ọ̀kì, àti fitting kan sí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí.

Gbogbo ibi tí bírò yín ti ṣẹ́ kọ́nà 90 lójijì, ẹ ń fi owó fitting oníkọ́nà kún un nìyẹn, wọ́n sì wọ́n ju èyí tó tọ́ lọ. Họ́ọ̀sì rírọ̀ lè yípo fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yípo. Lórí àwòrán tèmi, kọ́nà mẹ́fà ló kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn tí mo yí rédíátọ̀ òkè padà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, ó ku ọ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ gígùn họ́ọ̀sì, ẹ fi okùn lásán tọ ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, ẹ wọn okùn náà, ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́rin lé e. Mítà méjì máa ń tó.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pín owó

Kí a tó sọ ẹyọ ẹrù kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ irin ṣe pàtàkì jù. Bàbà, idẹ àti níkẹ́ẹ̀lì lè gbé inú omi kan náà láìjà. Alumíníọ̀mù kò gbọdọ̀ bá wọn pàdé. Bí irin méjì báyìí bá ti wà nínú omi kan, wọ́n ti di bátìrì kékeré, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹ dànù, tí ìdọ̀tí rẹ̀ á máa dí àwọn ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú búlọ́ọ̀kù. Rédíátọ̀ tí owó rẹ̀ kéré lọ́nà tó yani lẹ́nu, alumíníọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́. Láyé àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 2000, rédíátọ̀ híítà ọkọ̀ àti pọ́ǹpù àgbá ẹja làwọn tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí fi ń ṣe é. Ẹ má fara wé wọn lónìí, torí alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rédíátọ̀ ọkọ̀ báyìí.

Ó dáa. Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ ti háwọ́ ni pọ́ǹpù. Irú méjì ló gbayì, D5 àti DDC. D5 tóbi, ó sì ń dákẹ́. DDC kéré, ó lágbára, ó sì máa ń gbóná díẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn tó fún lúùpù tí a ń sọ. Ẹ ra èyí tó ti wà pọ̀ pẹ̀lú táǹkì, ó dín owó kù, ó sì dín fitting méjì kù. Bí ó bá jẹ́ D5, ẹ ó so okùn iná rẹ̀ tààrà mọ́ PSU (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà), okùn tó ń sọ bó ṣe ń yára tó nìkan ló ń lọ sórí motherboard. Ẹ má gbé iná pọ́ǹpù lé ojú fáànù lásán lórí.

Fitting náà, ẹ má ra èyí tí kò lórúkọ. Ó dùn mọ́ni pé G1/4 ni ìwọ̀n ojú ihò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára gbogbo ẹrù lúùpù kọ̀ǹpútà, nítorí náà búlọ́ọ̀kù ilé iṣẹ́ kan máa ń gba fitting ilé iṣẹ́ mìíràn. Ti họ́ọ̀sì ni kò rí bẹ́ẹ̀. 10/16 túmọ̀ sí pé inú họ́ọ̀sì jẹ́ 10 mm, ìta rẹ̀ jẹ́ 16. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ti fitting mu. Ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, rọ́bà dúdú tí wọ́n ń pè ní EPDM ni tèmi. Kò rẹwà bí èyí tó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n rọ́bà tó mọ́ gaara máa ń tu èròjà tó fi rọ̀ sínú omi díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi di ẹrẹ̀ funfun nínú búlọ́ọ̀kù. Páìpù líle, èyí tí wọ́n ń fi iná tẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí owó bá pọ̀: fitting rẹ̀ wọ́n, ẹ ó ba púpọ̀ jẹ́ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, bí ẹ bá sì yí ohun kan ṣoṣo padà, ẹ ó tún òmíràn tẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù CPU, èyí tó bá ti jẹ́ bàbà nísàlẹ̀, tó sì ní ìdè tó bá motherboard yín mu, ó ti tó. Ìyàtọ̀ láàárín olówó pọ́ọ́kú àti olówó ńlá kì í ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù GPU ló ń dá ènìyàn lágara, torí pé káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Orúkọ RTX 3080 nìkan kò tó. Pátákó abẹ́ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè to tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá tíì ra GPU, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ pọ̀ níta. Bí ẹ bá ti rà á tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò sí, èyí tó ń jókòó lé ṣípù nìkan wà, ó sì lè bá yín dé orí káàdì méjì mẹ́ta. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ lẹ irin ìtutù kéékèèké mọ́ RAM àti àwọn ohun tó ń pín iná lára káàdì náà, kí fáànù kan sì máa fẹ́ sí wọn.

Rédíátọ̀ àlòkù dára, bó bá jẹ́ bàbà, tí ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ kò sì tẹ̀ púpọ̀. Búlọ́ọ̀kù àlòkù náà dára, bí ẹ bá lè rí òrùka rọ́bà tuntun fún un. Pọ́ǹpù àlòkù, rárá. Họ́ọ̀sì àlòkù, ẹ má dá a láṣà.

Fáànù tí ẹ ti ní ńkọ́? Ẹ lò ó. Tí kò bá lè ti afẹ́fẹ́ gba àárín ìyẹ́ rédíátọ̀ dáadáa, ẹ ó rí i, ẹ sì lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná aláràbarà àti ohun tó ń wọn bí omi ṣe ń ṣàn: wọ́n lè dúró. Ohun kékeré kan tí mi ò ní jẹ́ kó dúró ni ohun tó ń wọn ooru omi, èyí tó rí bí ìdérí ihò pẹ̀lú okùn méjì lẹ́yìn. Kò wọ́n, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ sì ń bọ̀ níwájú.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì wúwo jù fún àpò, ẹ pín in sí méjì. Ẹ ra pọ́ǹpù, rédíátọ̀ kan àti búlọ́ọ̀kù GPU lákọ̀ọ́kọ́, kí CPU máa lo irin ìtutù rẹ̀. Mo mọ̀ pé CPU lọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. GPU lẹ ti máa gbádùn owó yín kíákíá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fọ rédíátọ̀, kí ẹ dè é pọ̀

Rédíátọ̀ tuntun kì í mọ́. Ìdọ̀tí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ máa ń kù sínú rẹ̀. Ẹ bu distilled water lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i dé ìdajì, ẹ dí ojú méjèèjì, ẹ gbọ̀n ọ́n tagbára tagbára fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ dà á sínú abọ́ funfun. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ máa rí omi tó dúdú díẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ irin kéékèèké tó ń dán nísàlẹ̀ abọ́. Ẹ tún un ṣe títí tí abọ́ kò fi ní ní nǹkan kan nínú mọ́.

Tí ẹ bá ń tú GPU, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tí rọ́bà ìtutù rírọ̀ wà kí ẹ tó yọ wọ́n. Ìwé tó bá búlọ́ọ̀kù wá máa sọ bí èyí tuntun ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó níbì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe àfojúdá rẹ̀. Bí ibì kan bá fi 0.5 mm nípọn jù, búlọ́ọ̀kù lè má jókòó dáadáa lórí ṣípù.

Ẹ gé họ́ọ̀sì kó tọ́, kó má dagun, ẹ fi bíléèdì tó mú gé e. Ẹ ki orí rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, yóò rọ̀, yóò sì wọ fitting láìjà. Fitting fúnra rẹ̀, ọwọ́ lásán lẹ ó fi yí i títí òrùka rọ́bà rẹ̀ á fi tẹ̀ mọ́ ojú ihò. Òrùka yẹn ló ń dá omi dúró, kì í ṣe agbára yín. Ẹni tó bá mú sípánà sí i máa la búlọ́ọ̀kù.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dán jíjò wò kí iná tó dé

Jíjò kò mọ olówó. Apple pàápàá fi omi sínú Power Mac G5 tó jáde ní 2004, àwọn kan nínú wọn sì padà jò lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Nítorí náà, bí ẹ bá lè ra pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré tó ní aago tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́, ẹ rà á. Ẹ dè é mọ́ ojú ihò kan kí omi kankan tó wọlé, ẹ fẹ́ ẹ dé bí 0.5 bar, ẹ wò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ọwọ́ aago bá dúró sójú kan, ara balẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa fọwọ́ kan fitting lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, òrùka rọ́bà tó yẹ̀ lójú rẹ̀ ni.

Omi wá kàn. Distilled water pẹ̀lú oògùn tó ń dènà ìpẹtà àti èéhù, tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ pò. Líta kan sí méjì ti tó. Ẹ má bu omi ẹ̀rọ, iyọ̀ inú rẹ̀ kò dára fún irin. Ẹ sì sá fún omi aláwọ̀ tó ki bíi kunun bó ti wù kó rẹwà lójú tó. Àwọ̀ inú rẹ̀ máa ń silẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù.

PSU gbọ́dọ̀ gbé pọ́ǹpù nìkan níbí yìí. Ẹ pa bọ́tìnnì ẹ̀yìn PSU, ẹ yọ okùn motherboard, ti CPU àti ti GPU, ẹ wá ki ohun ìsopọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún un bọ orí okùn motherboard olójú 24 tí ẹ yọ yẹn, ìyẹn ni PSU á fi gbà láti tan. Ẹ tẹ́ tíṣù funfun sábẹ́ gbogbo ojú ìsopọ̀. Ẹ bu omi kún táǹkì, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ pa á kí táǹkì tó gbẹ, ẹ tún bu omi. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi kò fi ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rédíátọ̀ máa ń kùn bí ẹni ń fi páìpù fẹ́ omi. Ẹ fi àpótí náà sápá kan, sí ìkejì, sẹ́yìn, yóò jáde.

Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, kódà di ọjọ́ kejì bí ẹ bá lè mú sùúrù. Ẹ wo tíṣù. Ẹ̀kán omi kékeré tí ojú kò rí lára irin dúdú máa hàn gbangba lórí tíṣù, bí òǹtẹ̀ yíká tó ní etí rúgúrúgú.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ jẹ́ kí omi máa darí fáànù

Ibí ni ohun kékeré tó ń wọn ooru omi ti wúlò. Bí fáànù bá ń tẹ̀ lé ooru CPU, yóò máa sáré, yóò máa dúró, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan, nítorí ooru CPU ń fò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi kì í kánjú. Ó lè gba ìdajì wákàtí kó tó dé ibi tó ń lọ. Bí motherboard yín bá ní ojú tí wọ́n ń so irú okùn yẹn mọ́, ẹ so ó, kí ẹ sì sọ fún àwọn fáànù rédíátọ̀ pé omi ni kí wọ́n máa wò: kí wọ́n rọra títí dé 35 °C, kí wọ́n máa yára díẹ̀díẹ̀ títí dé 42, kí wọ́n sáré tán ní 45. Bí yàrá yín bá máa ń gbóná, ẹ fi ìwọ̀n mẹ́ta sí mẹ́rin ti gbogbo rẹ̀ síwájú, kí ẹ sì má jẹ́ kó sún mọ́ 60, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ti ń dé òpin ohun tí wọ́n ṣe é fún.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ta géèmù tó wúwo fún wákàtí kan, kí ẹ kọ ìwọ̀n mẹ́ta sílẹ̀: yàrá, omi, GPU. Bí omi bá fi púpọ̀ ju yàrá lọ, rédíátọ̀ tàbí fáànù ló kéré. Bí omi bá tutù dáadáa ṣùgbọ́n tí GPU ń jó, búlọ́ọ̀kù kò jókòó dáadáa, ẹ tú u. Ẹni tí kò wọn omi kò ní mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, yóò kàn máa ra fáànù kún fáànù.

Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ fẹ́ eruku kúrò lára ìyẹ́ rédíátọ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú táǹkì. Ní bí ọdún kan, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì yẹn, ẹ da omi náà, ẹ bu tuntun. Mo máa ń lẹ téèpù funfun sẹ́yìn táǹkì tèmi, mo máa ń fi bírò kọ ọjọ́ tí mo bu omi àti ìwọ̀n mẹ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn sára rẹ̀. Téèpù kẹta ló wà níbẹ̀ báyìí.